Abọ́ Màámi Dé Onitsha

Àkùkọ kò tíì kọ lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá tí mo gbé àpò mi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkirè, tí mo rò pé èmi nìkan ló jí. Màámi ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé abọ́ tánńganran wọn olódòdó pupa lé itan, wọ́n fi aṣọ funfun dè é. Dòdò Ìkirè ló kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dín lánàá, dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú, tí òórùn ata rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n ní, "Gbé e fún Fọlákẹ́. Sọ fún un pé ojú mi ti ń ṣú. Mo fẹ́ rí i nínú ilé yìí ní Kérésì kan kí ojú náà tó pa dé. Má sì mú abọ́ mi padà lófìfo."

Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ládùúgbò wa, bí a bá bu oúnjẹ ọdún ránṣẹ́ sí ilé kejì, abọ́ kì í padà lófìfo; onítọ̀hún á wá nǹkan sí i. Ohun tí Màámi fẹ́ kí n bu wálé ni àbúrò mi.

Fọlákẹ́ ń ránṣọ ní Onitsha láti ọdún mọ́kànlá. Ó máa ń wálé fún ìsìnkú àti ìkómọjáde, á sùn mọ́jú ọjọ́ kejì, á tún lọ. Ṣùgbọ́n Kérésì, kò wá rí. À ń sọ pé owó aṣọ ọdún ló dè é mọ́lẹ̀, èmi ni mo sì ń sọ ọ́ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ara mi kí n tó rin ìrìn yìí jìnnà. Èmi ni olórí àwọn tó ń se ìrẹsì Kérésì ní ìjọ wa láti ọdún mẹ́tàlélógún, mo sì gbà tọkàntọkàn pé bí n kò bá dúró ti ìkòkò yẹn, Jésù kò ní í rọ́nà wá sáyé. Nítorí náà ni mo ṣe ṣètò pé n óò lọ lọ́jọ́ kejìlélógún, n óò sì mú Fọlákẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlélógún.

Bí mo ṣe bọ́ sójú títì, Pápá Chídì, ọmọ Ígbò tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní ìdojúkọ ilé wa, ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tósìn, ẹ kàárọ̀ o. Níbo lẹ forí lé láàárọ̀ kùtù báyìí?"

Mo ní Onitsha ni.

"Háà, ọ̀nà ilé wa! Ẹ bá mi kí wọn o. Owó ọkọ̀ tọdún yìí ti ju agbára wa lọ, èmi, ìyàwó, ọmọ mẹ́rin. Ibí la máa wà."

Mo ní kí Ọlọ́run ṣe é ní rere, mo bá ọ̀nà mi lọ. Ọkọ̀ tí n óò wọ̀ ni mò ń rò.

Ní gáréèjì ní Ìbàdàn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo figbe ta. Awakọ̀ ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ wo ẹ̀yìn yín." Mo wo ẹ̀yìn, mo rí èrò bí ẹni pé ogun lé wọn. Àpò ìrẹsì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, adìyẹ láàyè tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dì mọ́ orí ọkọ̀. Àwọn ọmọ Ígbò ń lọ sí abúlé wọn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá ráyè wálé á ní òun ń bọ̀ lọ́dún tuntun. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Kérésì tí wọn kò bá ṣe nílé bàbá wọn, wọn kì í fẹ́ kà á kún Kérésì. Nígbà tí yóò fi di aago méje, ọkọ̀ náà tún gba ẹ̀gbẹ́ Ìkirè kọjá, mo rí ọ̀nà ilé wa lójú fèrèsé lẹ́yìn tí mo ti sanwó dé Ìbàdàn. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín.

A gba Ifẹ̀, a gba Oǹdó, a sọ̀ jẹun ní Ọ̀rẹ́. Ẹ̀bà méjì àti ẹran kan ṣoṣo, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀. Láti Benin títí dé Agbor, kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà débi pé mo di abọ́ Màámi mú lórí itan bí ọmọ tuntun. Ní Asaba ni ọkọ̀ ti tò. Wákàtí méjì la fi dúró kí táyà tó kan afárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò hàn, gbogbo inú ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Odò Ọya wa yìí náà ni. Orimili ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ni omi ńlá. Obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ kan mi léjìká, ó ní, "Mama, nnọọ." Ó ń kí mi káàbọ̀ sí ìlú rẹ̀.

Yàrá kan ni Fọlákẹ́ ń gbé nítòsí ọjà Relief, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé kan náà. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà nígbà tí mo wọlé. Ó fò dìde, ó kúnlẹ̀, ó sì dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo gbé abọ́ fún un. Ó tú aṣọ orí rẹ̀, òórùn dòdò lù ú, ó sì bú sẹ́kún.

Mo jíṣẹ́ Màámi bí wọ́n ṣe rán mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, n óò bá yín lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè kúrò níbí lọ́jọ́ Kérésì. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́jọ́ kejì rẹ̀."

"Kí ló wà níbí lọ́jọ́ Kérésì?"

"Iṣẹ́ kan wà tí mò ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ló bí mi nínú. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n sọ, mo ní ó fẹ́ràn owó ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó tún padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń ran aṣọ àwọn tó ń lọ sílé títí di alẹ́ ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún, mo gbé àpò mi, mo lọ sí Bridge Head, gáréèjì tó wà lẹ́bàá afárá, láti wọ ọkọ̀ padà. Bóyá Fọlákẹ́ wá, bóyá kò wá, ìrẹsì ìjọ kò gbọdọ̀ dúró. Mo bọ́ sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìbàdàn, mo jókòó. Aago mẹ́jọ lù, mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù. Ọkọ̀ tó ń já èrò kò níye, èrò tó ń wọlé sínú tiwa kò sí. Nígbà tó di ọ̀sán, èmi àti ọkùnrin kan tó gbé ẹyẹ awó méjì dání la ṣì wà níbẹ̀. Awakọ̀ bọ́ ẹ̀pà dà sẹ́nu, ó wò mí tàánútàánú.

"Mama, everybody dey come, nobody dey go. Make una come after Christmas."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpò mi sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà. Wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì, àwọn ìdílé ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ wọn, ọmọdé ń juwọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́, àdúgbò ti pa rọ́rọ́. Ó bu omi fún mi, ó sì ní kí n wẹ̀.

Òórùn èéfín igi ló jí mi lọ́jọ́ Kérésì. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá Fọlákẹ́ àti obìnrin kan tó da ìborùn borí gèlè nídìí ìkòkò ńlá méjì. Ìyá Sikírù ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, Mùsùlùmí, tó ń ta oúnjẹ ládùúgbò náà. Ìkòkò tirẹ̀ la ń lò. Ó kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ kú ọdún o, Àǹtí. Ọdún á yabo."

Fọlákẹ́ wọlé lọ wẹ̀. Mo wo ìrẹsì tó wà lórí iná, mo ní, "Ta ló fẹ́ jẹ gbogbo èyí? Ìlú ti lọ tán."

Ìyá Sikírù wò mí. "Àbí kò sọ fún yín ni?"

Kò sọ fún wa. Ìyá Sikírù ló sọ ọ́ fún mi, bó ṣe ń koná. Kérésì àkọ́kọ́ tí Fọlákẹ́ ṣe ní Onitsha, ibà dá a dùbúlẹ̀. Gbogbo ilé ti lọ sí abúlé, àwọn olóògùn òyìnbó ti tilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó ń ta omi gbígbóná pàápàá. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi nǹkan kan sẹ́nu. "Mò ń kọjá lọ pọn omi ni mo gbọ́ ìkérora. Mo ti rò pé òun náà ti lọ sílé. Mo po ògì fún un, mo dúró tì í títí ó fi mu ún. Nígbà tó lè dìde, ó ní bí Ọlọ́run bá ṣì fi òun sílẹ̀ nílùú yìí, ẹni tó bá kù sẹ́yìn kò ní í rí irú Kérésì bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo rántí ọdún yẹn. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá wa se ìrẹsì ìjọ. Kò fèsì, mo bínú, n kò sì pè é títí ọdún tuntun fi wọlé. Ibà ló ń bá jà. Ara mi tutù nídìí iná náà, ojú sì tì mí gidi.

Ìyá Sikírù ní, "Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, n óò máa wo iná. Bó ṣe ń wo tèmi nígbà Iléyá nìyẹn."

Ṣọ́ọ̀ṣì kò kún ìdajì. Èdè Ígbò ni wọ́n fi kàwé, Fọlákẹ́ ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí: ó fi ọ̀já wé e, ó tẹ́ ẹ sí ibùjẹ ẹran, nítorí àyè kò sí fún wọn nínú ilé èrò. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ yẹn pẹ̀lú ọkàn lórí ìkòkò. Ọjọ́ yẹn n kò ní ìkòkò kankan lọ́kàn.

Nígbà tí a dé, Fọlákẹ́ bu ìrẹsì sínú àwọn abọ́, ó fi dòdò Màámi mẹ́ta mẹ́ta lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ìwọ ni Màámi dín in fún o!"

Ó ní, "Ó sì dé ọ̀dọ̀ mi."

Ìyá Sikírù bú sẹ́rìn-ín. Ilé tí a kọ́kọ́ yà kò tilẹ̀ ju yàrá lọ, ìyá arúgbó kan ló wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè rìn dé abúlé mọ́. Lẹ́yìn náà la lọ sí ẹnu ibodè ọjà Relief tí wọ́n ti tì pa. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, bàbá kan láti ìhà Benue, dìde lórí àga rẹ̀. "Madam Tailor! I don dey look road since morning." Fọlákẹ́ kò gbé abọ́ fún un kó yà. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó ń bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ lórúkọ títí bàbá náà fi jẹun tán.

Lọ́nà ilé, mo ní, "Nílé, ọmọ la máa ń rán. Ṣé kò sí ọmọ tí o lè rán ni?"

"Bí mo bá rán ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ ló máa dé ibẹ̀. Èmi kò ní í dé ibẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. "Bó o bá lè bá mi lọ lọ́la, kí ló dé tí o kò wá lọ́jọ́ kejì Kérésì láti ọdún mọ́kànlá yìí wá?"

Ó dúró lójú títì tó ṣófo náà. Kò pariwo. "Ẹ máa ń ránṣẹ́ ni. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ń ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀, kí n máa bọ̀. Kò sí ẹni tó wá wo ibi tí mo wà rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá."

Mo sunkún lójú títì Onitsha lọ́sàn-án gangan, n kò sì bò ó. Mo rẹ ara mi sílẹ̀ fún àbúrò mi, mo ní kó foríjì mí, ó sì di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Ohun tí wọ́n kà láàárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ni. Ọlọ́run ti rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ sí ayé tẹ́lẹ̀. Ní Kérésì, òun fúnra rẹ̀ ló wá, ó sì wá wo ibi tí a wà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ọkọ̀ ò sì kún. Awakọ̀ tó gbé àpò mi sọ̀ náà ló gbé wa. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé Ìkirè. Màámi wà lórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, Màámi fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n ń pe oríkì rẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Abọ́ mi dà?"

Mo gbé e fún wọn. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Òfìfo ni."

"Màámi, ẹni tí ẹ ní kí n bù bọ̀ ló ti kúnlẹ̀ síwájú yín yìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni se Kérésì nílé láti àná. Wọ́n ní ẹni tó ni ín kò tíì dé. Ní ti ìjọ, wọ́n se ìrẹsì wọn láìsí mi. Mo gbọ́ pé ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n kò sì fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

A se tiwa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bu abọ́ Màámi kún, mo fi aṣọ funfun dè é. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló ń fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ délé. Èmi kò tíì fẹnu kan nǹkan kan, mo fúnra mi gbé e sọdá títì. Pápá Chídì ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọ mẹ́rin yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún méje ni wọ́n ti ń gbé ìdojúkọ wa, n kò mọ bí inú ilé wọn ṣe rí.

Mo ní, "O ní kí n bá ọ kí ilé. Mo bá ọ kí wọn. Ṣé kí n wọlé?"

Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jẹun tán, mo sì bi àwọn ọmọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Abọ́ Màámi kò tíì padà láti ọjọ́ yẹn. N kò sì béèrè rẹ̀.