Eérú Orí Ẹ̀fọ́ Mi

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílé ọkọ ni Eyínfúnjowó. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn o. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ó gbọ́dọ̀ wá èyí tí yóò máa pè é fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọ agboolé wọn ní Ìsẹ́yìn, mo wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin yìí, mo wá ohun tí mo lè yìn níbẹ̀, eyín nìkan ni mo rí. Mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín títí kí gbogbo ilé lè rí ẹ̀rí. N kò mọ̀ pé eyín náà ni yóò padà wá jẹ mí.

Dálémoṣú ni. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ jà ní Òtu, ó kẹ́rù padà sílé bàbá rẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi lọ̀ ọ́, ìyẹn iṣẹ́ àtimáa ṣọ́ ìyàwó ilé. Iṣẹ́ yẹn kò ní owó oṣù, kò sì ní ìsinmi, àmọ́ n kò rí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Tíṣà ni èmi. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá mi ní Ìgànná, agboolé onímàle ni mo sì wá fẹ́ ọkọ sí. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀: ọwọ́ gbà mí, ẹsẹ̀ sì ń wá àyè àtita mí nípàá. Nínú gbogbo ilé ńlá yẹn, ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi ni ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn balùwẹ̀. Yàrá, tọkọ ni. Ibùsùn, tọkọ ni. Àwọn ọmọ tí n kò tíì bí pàápàá, tọkọ ni wọ́n. Ilẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ yẹn ni ẹnikẹ́ni ò dù mọ́ mi lọ́wọ́, torí pé òkúta ló kún ibẹ̀. Mo ṣa òkúta kúrò, mo kọ ebè, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ilá. Ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, tí gbogbo pápá bá ti gbẹ tó pọ́n, mò ń fa omi kànga bu rin ín kí n tó lọ sílé-ìwé.

Ẹ̀fọ́ náà hù, ó tutù yọ̀yọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò dé. Tata aláwọ̀ ìyeyè fò wá láti inú koríko, ó jókòó sórí ilá bí ẹni tí wọ́n pè síbi oúnjẹ. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó láwọ̀ ewé a máa ká ewé tẹ̀tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ẹni tó fa aṣọ bora, á sùn síbẹ̀, á sì máa jẹ ibùsùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ewé mi fi dà bí asẹ́ ògì.

Eyínfúnjowó wá dúró sí etí ebè, ó káwọ́ sẹ́yìn.

“Ìyàwó, ṣé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ tuntun nìyí? Wọ́n mà ń jẹun dáadáa o!”

“Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa lọ, mà.”

“Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò kàwé! Wọn ò ní gbọ́ èdè mi.”

Àbúrò ọkọ mi kan wà tó ń gbin tábà fún kámpánì. Òun gbé oògùn tí wọ́n ń fún wọn wá fún mi nínú ìgò ọtí. Ó ní kòkòrò tó bá gbóòórùn rẹ̀ yóò dágbére fún ayé. Mo bi í léèrè pé ẹni tó bá wá jẹ ẹ̀fọ́ náà ńkọ́. Ó ní òun ò tíì rò ó débẹ̀. Mo dá ìgò rẹ̀ padà fún un. Bí mo bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé mo ti yára dá a padà jù.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ tíṣà, a ní ọgbà ẹ̀fọ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé eérú ni ọ̀tá kòkòrò ajẹwé. Èèyàn á kù ú kó kúnná, á wọ́n ọn sórí ewé ní kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí oòrùn bá ti yọ, òfò ni. Èèyàn á tún gún ewé dóńgóyárò, á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, á sẹ́ ẹ, á po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, á wá máa fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sí abẹ́ ewé níbi tí kòkòrò ń sá pamọ́ sí. Ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ náà, á fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé fífọ̀ yìí.

Eérú ààrò tèmi nìkan kò tó. Mo lọ tọrọ kún un ní ààrò àwọn ìyàwó ilé yòókù. Wọ́n fún mi, wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́ pé mo bá àwọn kó o dànù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo tú gèlè orí mi, mo fi di imú àti ẹnu kí eérú má baà mú mi wúkọ́, mo gbé igbá eérú dání. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Mo ń wọ́n eérú lọ nígbà tí Eyínfúnjowó gbé búútà rẹ̀ jáde láti wá ṣe àlùwàlá. Ó rí mi, ó dúró, ó ń retí ìkíni rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo mi orí.

“Ìyàwó, ìwọ ni mò ń wò o.”

Mo tún mi orí. Ó wo igbá, ó wo orí mi tó wà ní ṣíṣí, ó wo ẹnu mi tí mo dì, ó gbé búútà rẹ̀, ó padà wọlé. N kò mọ̀ bóyá ó kírun lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tó rò. Ẹni tó ń ṣe oògùn àárọ̀ kì í sọ̀rọ̀, kì í kíni, wọn kì í sì í kí i kó dáhùn. Èmi sì rèé: mo kó eérú gbogbo ààrò ilé jọ, mo ṣí orí, mo pa ẹnu dé, mo ń da eérú ká ẹ̀yìnkùlé ní àfẹ̀mọ́jú. Bí wọ́n bá ní kí n ṣe àjẹ́ nínú eré ilé-ìwé, n kò lè ṣe é kó dà bẹ́ẹ̀.

Kí oòrùn tó yọ, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí kànga. Adìyẹ tó kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, èmi ni. Ẹsẹ̀ tó ti ń dun ìyá àgbà kan kí wọ́n tó bí mi, èmi náà ni. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyàwó Eléérú. Ẹ lè máa béèrè pé ọkọ mi ńkọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le nínú ilé, ó máa ń rántí pé táyà kẹ̀kẹ́ òun ń fẹ́ atẹ́gùn.

Mo fi omi dóńgóyárò kíkorò náà tẹ̀ lé eérú. Kòkòrò lọ o. Ewé tuntun yọ, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀fọ́ mi ń dín kù. Tẹ̀tẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ láàárọ̀, n kì í bá orí rẹ̀ mọ́ tí mo bá ti ilé-ìwé dé. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e á tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ti kàwé díẹ̀ nípa kòkòrò, àmọ́ n kò tíì ka ti èyí tó ní ọ̀bẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, igbe ta nínú yàrá Eyínfúnjowó. “Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti fún mi ní májèlé jẹ! Ẹnu mi korò dé ọ̀nà ọ̀fun!” Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ jáde sí àárín agboolé kí gbogbo ayé lè tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ. Wọ́n pè mí lọ síwájú baálé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tó jókòó pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ìyàwó, wọ́n ní ò ń fi eérú ṣe nǹkan lẹ́yìn ilé.”

“Kòkòrò ni mò ń lé, bàbá.”

“Ṣé ẹ̀yin onígbàgbọ́ máa ń fi eérú ṣe ẹ̀sìn ni?”

Ó yẹ kí n ní rárá. Ẹ̀kọ́ ilé bàbá mi ni kò jẹ́ kí n parọ́. “Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, bàbá. Ọjọ́rú Eléérú.”

Eyínfúnjowó pàtẹ́wọ́. “Ẹ ò gbọ́? Wọ́n tiẹ̀ ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un!”

Baálé bi mí pé, “Kí ló dé tí o kò kí ẹ̀gbọ́n rẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?”

“Aṣọ ló wà lẹ́nu mi, bàbá. N kò fẹ́ kí eérú wọ̀ mí lẹ́nu.”

“Aṣọ!” Eyínfúnjowó fi gbogbo eyín rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó bá níwà, bí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀, á kí àgbà. Àbí wọn ò kọ́ yín ní kíkí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?”

Baálé wá yíjú sí i. “Ẹ̀fọ́ tó korò yìí, ta ló fún ọ?”

Eyínfúnjowó wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

“Mo rí i ni.”

“Níbo?”

“Mo bá a lórí ìdúró ni.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n fọ̀ ọ́.”

“Ìgbà wo ni àyè àtifọ̀ ọ́ wà?” Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo rò pé ẹjọ́ parí, mo tilẹ̀ ti fẹ́ dìde. Baálé ka tẹ̀súbáà rẹ̀ títí. Ó ní ọmọ kì í jalè nílé bàbá rẹ̀, pé ó mú un ni, kò jí i. Ó wá ní kí n hú ẹ̀fọ́ náà kí àlàáfíà lè wà. Mo hú u. Wọ́n jẹ èyí tí mo hú, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀. Ó kéré tán, mo kọ́ wọn ní nǹkan.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀fọ́ kọ́ ni mò ń wá mọ́. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí Eyínfúnjowó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, lójú àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ àkọ́kọ́, pé aṣọ ló wà lẹ́nu mi, kì í ṣe oògùn. Kò sọ ọ́. Orúkọ Eléérú bá mi dé kíláàsì, ó bá mi débi ìkómọ, ó sì bá mi kó lọ sí ilé tí a kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ agboolé náà.

Ọdún gorí ọdún. Àsìkò wá dé tí gbogbo nǹkan wọ́n, tí oníkálukú ń gbin ohun tó máa jẹ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Eyínfúnjowó náà kọ ebè. Níbo? Lẹ́yìn balùwẹ̀ ni, lórí ilẹ̀ tí mo ti ṣa òkúta rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ hù dáadáa. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò dé, nítorí tata kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ ilé àti ìyàwó. Mò ń ti ojú fèrèsé mi wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun. Mo gbádùn rẹ̀ ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan, mo jáde sí ẹ̀yìn ilé, mo rí ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀ sí ìdí ààrò mi, ó ń bu eérú. Orí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó fi gèlè di imú àti ẹnu. Mo rọra tẹ̀ lé e. Ó dé ìdí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, ó ń wọ́n eérú sórí ìrì, bó ti yẹ gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú yìí ti pẹ́ lójú ọ̀nà.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Ó mi orí.

“Eyínfúnjowó, ẹ̀yin ni mò ń kí o!”

Ó tún mi orí. Mo dìde, mo gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà ní ìdí kànga lè gbọ́. “Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jáde wá wo nǹkan! Wọ́n ṣí orí, wọ́n ń da eérú, wọn ò sì dá èèyàn lóhùn!”

Ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyàwó ilé jáde, àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ náà wà nínú wọn. Eyínfúnjowó wò wọ́n, ó wò mí, ó fa gèlè náà wálẹ̀. Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ó ní:

“Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? O ò rí i pé aṣọ ló wà lẹ́nu mi?”