Bí Mo Ṣe Di Ẹni Tó Ní Àkáǹtì ní Dubai

Títí di òní, bí mo bá wọ ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ jù, inú báàgì mi ni ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ, láti wò ó bóyá páásípọ́ọ̀tù mi ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé òtútù báǹkì kan ní Dubai ló kọ́ mi ní ìwà yẹn, ní ìgbà tí mo rò pé ojú mi ti là tán.

Obì ni iṣẹ́ ìdílé wa. Ní Sábó, ní Ṣàgámù, ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi sì ti ń ta gbàǹja fún àwọn Hausa kí n tó dé ayé. Láti kékeré ni mo ti mọ bí a ti ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dá, tí a ó sì fi ewé bò ó kó má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n gbígbẹ gan-an ni oníbàárà tèmi fẹ́. Ọmọ India kan ni, ó ní iléeṣẹ́ kan ní Dubai tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan mímu, orí fóònù la sì ti pàdé. Mo fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní òun á máa rà á lọ́pọ̀ yanturu. Ohun kan ló kù. Iléeṣẹ́ rẹ̀ kì í san owó sí àkáǹtì ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà rí, ṣe ló há sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó ní kí n wá ṣí àkáǹtì ní orúkọ ara mi lọ́hùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á wá ẹlòmíràn. Nígbà tó ń sọ ọ́, obì tí mo ti sá gbẹ ti kún yàrá kan, òjò sì ti ń sún mọ́lé.

Ìyá mi kò fẹ́ kí n lọ. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń bó obì lọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí.

"Ta lo mọ̀ níbẹ̀?"

"Màámi, wọ́n ti júwe ẹnì kan fún mi. Ọmọ Yorùbá ni. Wọ́n ní ó ti bá ọ̀pọ̀ oníṣòwò ṣe é."

"Mo ní ta lo mọ̀, o ní wọ́n júwe. Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé ńkọ́? Ṣé èmi ni kí n tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn ọmọ méjì yìí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti lọ sí Mẹ́kà rí, mo sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti ná ọjà. Mo rò pé ẹ̀rù àgbà lásán ló ń ba ìyá mi.

Ọkùnrin tí wọ́n júwe náà wá bá mi ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo dé sí. Ó wọ kóòtù, lọ́fínńdà rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀, ó sì kí mi bí ẹni pé a ti jọ mọra tipẹ́. Ó yọ fọ́ọ̀mù báǹkì jáde, ó tọ́ka síbi tí n ó fọwọ́ sí. Mo ní kí n kọ́kọ́ kà á. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, pé mo ti ń gbé Dubai láti ọdún méjì, àti àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ní mò ń gbé.

"Bọ̀dá, èmi kọ́ nìyí."

"Àlàájà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá ní àlejò ni yín, wọn ò ní dá yín lóhùn. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ ṣáà há àdírẹ́sì yẹn sórí. Ojúlùmọ̀ mi kan ní báǹkì ló máa dá wa lóhùn, kò ní bi yín ní nǹkan míì."

Ara mi kò gbà á, àmọ́ mo fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Yàrá obì tó wà nílé ni mò ń rò. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka àdírẹ́sì náà bí ọmọ ilé-kéwú tó ń há wàláà rẹ̀ sórí. Mo kà á ní balùwẹ̀, mo kà á nídìí oúnjẹ, mo sì tún ń kà á lábẹ́ ètè nínú takisí tó gbé wa lọ sí báǹkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Báǹkì náà tutù bíi pé inú yìnyín ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ojúlùmọ̀ ọ̀hún kò sì wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan tó fi ìbòrí dúdú borí ló dá wa lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó gba páásípọ́ọ̀tù mi, ó ṣí i dé ibi tí físà àlejò mi wà. Ó wo físà, ó wo fọ́ọ̀mù, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀.

"Níbo lẹ ń gbé, màdáámù?"

Mo la ẹnu láti ka àdírẹ́sì náà. Nọ́ńbà ilé o, orúkọ òpópónà o, gbogbo rẹ̀ ti lọ pátápátá. Ọkùnrin oníkóòtù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo tún la ẹnu.

"Sábó," ni mo wí. "Ṣàgámù."

"Ṣé àdúgbò kan níbí nìyẹn?"

"Rárá. Nàìjíríà ni."

Obìnrin náà dìde pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti páásípọ́ọ̀tù mi, ó gba ẹnu ọ̀nà onígíláàsì kan wọlé lọ. Ọkùnrin tó mú mi wá ní òun fẹ́ lọ dá fóònù kan lóhùn níta. Ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn.

N kò lè sọ bí mo ti pẹ́ tó lórí àga yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò mí, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké Ayatul Kurisiyyu, ẹsẹ Kùránì tí mo ti mọ̀ láti kékeré, mo dé ìdajì, mo gbàgbé, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń ro ẹni tó máa sọ fún ìyá mi. Mo ń rò ó pé ta ló máa bá àbíkẹ́yìn mi di irun orí rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí wọ yàrá kan. Ọkùnrin àgbà kan tó wọ jàlámíà funfun ló jókòó síbẹ̀, páásípọ́ọ̀tù mi wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, omi ń bọ́ lójú mi. Ó ní kí ni mo wá ṣe ní Dubai gan-an. Dípò kí n ṣàlàyé, mo ti ọwọ́ bọ báàgì, mo kó obì sórí tábìlì rẹ̀, gbígbẹ nínú ọ̀rá àti tútù mẹ́rin. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí lèyí?"

"Jíjẹ ni, sà. Èso igi ni."

Ó gbé fóònù. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ó rò pé oògùn olóró ni, pé mo ti fi ẹ̀sùn kejì kún ti àkọ́kọ́. Nínú ìpayà, mo mú obì kan, mo gé e jẹ, mo ní, "Ẹ wò ó, mo jẹ ẹ́!"

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan gbé tíì wọlé. Ó rí ohun tó wà lórí tábìlì, tíréè tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gooro!"

Orúkọ tí àwọn Hausa Sábó ń pè é nìyẹn. "Bẹ́ẹ̀ ni! Gooro ni!" ni mo ń pariwo, mo gbàgbé ibi tí mo wà. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀gá rẹ̀ sọ Lárúbáwá, ó ń tọ́ka sí eyín rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó ní ọmọ Sudan ni òun, pé bàbá òun a máa jẹ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀gá náà gbé fóònù kalẹ̀. Mo kó obì tútù mẹ́ta tó kù fún bàbá yẹn, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Kò yé e ìdí tí mo fi kúnlẹ̀.

Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fa ìlà gbọọrọ sára fọ́ọ̀mù náà, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé mo lè fi èyí pe ọlọ́pàá?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó wá sọ fún mi pé àlejò pàápàá lè ṣí àkáǹtì. Èyí tí a fi ń tọ́jú owó lásán ni, kò ní ìwé sọ̀wédowó, ṣùgbọ́n owó oníbàárà mi lè wọ ibẹ̀. Kí n mú lẹ́tà wá láti báǹkì mi nílé, ìwé tó fi oṣù mẹ́fà ìṣòwò mi hàn, lẹ́tà oníbàárà mi, àti ìwé tó ní àdírẹ́sì ilé mi gan-an. "Ẹ̀ bá ti bi wá léèrè," ló wí, ó sì na páásípọ́ọ̀tù sí mi. Mo gbà á, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi.

Ilé wa ní Sábó kò ní nọ́ńbà nígbà yẹn, orúkọ bàbá mi tó ti dolóògbé ló sì wà lórí ìwé iná. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti báǹkì mi ní Ṣàgámù ló tẹ̀ lé mi délé, ó ya ẹnu ọ̀nà wa ní fọ́tò, kí wọ́n tó kọ lẹ́tà náà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, èmi nìkan ni mo padà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ sí ìwé kí ó tó bá ti inú páásípọ́ọ̀tù mu. Wọ́n ṣí àkáǹtì náà fún mi. Òjò ti ba ìdajì obì yàrá yẹn jẹ́, a dà á nù. Oníbàárà mi ra ìyókù, ó sì ń rà á di òní.

Ìyá mi ròyìn mi káàkiri Sábó, pé ọmọ òun dúró níwájú àwọn aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè, pé ó sì sọ òtítọ́. Ó ń sọ ọ́ títí tó fi kú. Àwọn obìnrin tó ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi lórí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ṣì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń mi orí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé irọ́ ni mo wọlé láti lọ pa. Bí ẹ̀rù ò bá gbá orí mi mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ǹ bá pa á, n kò sì mọ ibi tí ǹ bá wà lónìí. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi rí. Nínú bàálù tó gbé mi bọ̀ wálé ni àdírẹ́sì náà ṣàdédé padà wá sórí mi, láti orí nọ́ńbà ilé títí dé orúkọ òpópónà. Mo ṣì mọ̀ ọ́n di bí mo ti ń wí yìí.