Ràfátù Kì í Parí Fíìmù Kó Tó Parí Orí

Mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kéde fún tolórí tẹlẹ́mù pé n kì í wo ìparí fíìmù. Bó bá ti ku díẹ̀ kó parí, màá dìde, màá lọ gbé omi kaná. Àwọn ọmọ mi rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù. Mo mọ̀ pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Ràfátù ní Agbowó, màá gbọ́ ìparí tó sàn ju èyí tí wọ́n náwó sí lọ.

Ràfátù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Ìyá Hamidah, ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí géètì Yunifásítì. Tẹlifíṣàn kan wà lára ògiri níwájú rẹ̀. Òun ń rí i dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń dì lórí, ilẹ̀ ló ń wò. Sìmẹ́ǹtì àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ni fíìmù tirẹ̀. Nítorí náà, Ràfátù ló máa ń sọ ohun tó ń lọ fún un: “Ó ti wọlé o. Ó ń wo ojú ìyálé rẹ̀. Háà, ojú yẹn kò dáa!” Àwọn tó ń retí kí ó kàn wọ́n lè wo tẹlifíṣàn bó ṣe wù wọ́n, àmọ́ kì í pẹ́ tí àwọn náà á fi sorí kodò láti máa gbọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: fíìmù àti orí gbọ́dọ̀ jọ parí. Bí fíìmù bá fẹ́ parí nígbà tí irun ṣì ku ìlàjì, Ràfátù á jí òkú dìde, á sì mú àbúrò kan dé láti Kánò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí irun bá sì yá jù, á kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà á sì dojú dé. Mo ti rí ibi tí odidi ìdílé kan ti ṣègbé nítorí pé ẹnì kan di ṣùkú.

Shakirah, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, wá fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ kan.

“Màmá, mo wo fíìmù tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá dirun, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lánàá. N kò rí àbúrò tó ti Kánò dé o.”

“Irun wo lo dì lọ́jọ́ yẹn?”

“Wẹ́wẹ́ ni, láti àárọ̀ dalẹ́.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Àwọn tó ṣe fíìmù náà, ta ni wọ́n dirun fún?”

Shakirah fa àpótí kan, ó jókòó ti àwọn tó ń gbọ́.

Ìsọ̀ tó tẹ̀lé ti Ràfátù ni Oyèkànmí ti ń ta ìwé tòkunbọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ Ràfátù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bó bá kí èèyàn pé “Ẹ káàárọ̀”, ńṣe ló máa ń jọ pé ó ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Láràárọ̀ ló máa ń wá yá àlùmọ́gàjí Ràfátù láti fi gé okùn tí wọ́n fi di ìwé rẹ̀. Gbogbo Agbowó ló mọ̀ pé kì í ṣe okùn ló ń dà á láàmú.

Nígbà tó jàjà lanu, ó ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Ràfátù kò rẹ́rìn-ín.

“Bọ̀dá oníwèé, etí mi ti bàjẹ́. Láti àárọ̀ dalẹ́, ìtàn ló ń jẹ. N kò lè lọ sílé ọkọ lọ máa gbọ́ ‘ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́’ nìkan. Ẹ mú ọ̀kan nínú ìwé yín wá, kí ẹ sọ ọ́ fún wa níbí. Bí ẹni tí mò ń dì lórí kò bá sùn lọ, màá dá yín lóhùn.”

Lọ́jọ́ tó wá, Àníọlá ló wà lórí àpótí, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọkùnrin náà. Ó ṣí ìwé, ó wúkọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ní ojú ìwé kìíní, òjò ń rọ̀. Ní ojú ìwé kejì, òjò kò dá. Ní ojú ìwé kẹta, ẹnì kan yọjú lójú fèrèsé, ó wo òjò náà. Orí Àníọlá já wálẹ̀ lójijì. Ìlà irun tó yẹ kó gba àárín orí lọ sí ìpàkọ́ bá yà gba ẹ̀gbẹ́ etí, ó kọrí sí Mọ́níyà.

“Òjò wo ló pọ̀ tó báyìí?” Ràfátù bi í. “Nínú fíìmù, ká ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, òjò ti rọ̀, a ti rí i, kálukú ti sá wọlé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Hamidah, ìbànújẹ́ ọkùnrin náà ni òjò yẹn dúró fún.”

“Kí ọkùnrin náà sunkún nígbà náà. Ta ló rán òjò níṣẹ́?”

Nígbà tí Oyèkànmí tún dé, ó ní òun á ṣe é bíi ti fíìmù. Ó fẹnu yìnbọn, ó sáré, ó ṣubú, ó sì fẹsẹ̀ da bàsíà omi gbígbóná tí wọ́n ń ti irun bọ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Shakirah bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ràfátù nìkan ló mi orí.

“Bọ̀dá oníwèé, èyí tó wà lára ògiri yìí mọ ìyẹn ṣe jù yín lọ. Kì í sì í da omi.”

Oyèkànmí tẹ̀lé mi dé ìdí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Bódìjà, ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù. “Àǹtí, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.”

Mo bi í pé kí ló wà nínú ìwé rẹ̀ tí kò sí nínú tẹlifíṣàn. Ó ronú títí kẹ̀kẹ́ fi kún.

“Inú ni,” ó ní. “Nínú fíìmù, ojú èèyàn lẹ máa rí, orin á wá máa méfò ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ní tiẹ̀ máa ń wọ inú lọ jókòó.”

“Ẹ ò wá lọ sọ inú,” mo dá a lóhùn, kẹ̀kẹ́ sì gbéra.

Èmi ló wà lórí àpótí nígbà tó padà wá. Iná ti lọ, tẹlifíṣàn ti dákẹ́, Oyèkànmí kò sì mú ìwé kankan dání.

“Ọkùnrin kan wà,” ó bẹ̀rẹ̀, “tó máa ń lọ yá àlùmọ́gàjí lọ́dọ̀ obìnrin kan láràárọ̀. Ẹnu rẹ̀ á ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́, ẹ jẹ́ n yá àlùmọ́gàjí yín.’ Inú rẹ̀ á ní, ‘Ká ní ó ti sọnù, kí a jọ máa wá a títí di ọ̀sán.’ Ẹnu rẹ̀ á ní, ‘Ẹ ṣeun, mo ti gé e tán.’ Inú rẹ̀ á ní, ‘Kí ló dé tí okùn ayé ìsinsìnyí kò nípọn mọ́?’”

Òòyà dúró sí àárín orí mi.

“Ọkùnrin náà kò ní àlùmọ́gàjí tirẹ̀ ni?” Ràfátù bèèrè.

“Mẹ́ta ló ní.”

“Yéè!” Shakirah figbe ta. Gbogbo wa ní kó panu mọ́.

“Obìnrin náà ńkọ́? Kí ló wà nínú tirẹ̀?” Ràfátù tún bèèrè.

“Ìwé yìí kò dé ibẹ̀,” Oyèkànmí dáhùn. “Irú ìwé kan wà, Ìyá Hamidah, tó jẹ́ inú ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ẹni náà kò bá mọ̀, ìwé náà kò mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.”

Ó ti ku díẹ̀ kó parí. Ó yẹ kí n dìde lọ gbé omi kaná, ṣùgbọ́n orí mi ń bẹ lọ́wọ́ Ràfátù, kò sì jọ pé ó fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ó fi ohùn tó fi ń sọ fíìmù bẹ̀rẹ̀. “Ẹnu ọ̀nà ni àlùmọ́gàjí obìnrin náà máa ń wà lórí ìṣó tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ yá a lè mú un láìwọlé. Ó wá di ọjọ́ kan, ó fa ìṣó náà yọ, ó lọ kàn án mọ́ ògiri inú lọ́hùn-ún.”

A gbójú sókè. Àlùmọ́gàjí wà lórí ìṣó rẹ̀ lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn. Ihò ìṣó àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa tí a ń wo ògiri yẹn lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó rí i.

“Kí ni obìnrin náà wá sọ?” Oníwèé ti súnmọ́ àpótí mi.

“Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bẹ ní Mọ́níyà. Kí ọkùnrin náà lọ rí wọn lọ́jọ́ Sátidé. Kó má sì sọ̀rọ̀ òjò kankan níbẹ̀ o. Àǹtí Bódìjà, ẹ tẹrí ba, ẹ jẹ́ n rójú irun.”

Kò sẹ́ni tó sùn. Shakirah ti wà lójú títì, ó ń ròyìn fún àwọn ọlọ́kadà.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí, àlùmọ́gàjí mẹ́rin ló sì wà nílé wọn. Shakirah gbé ìtàn náà sórí fóònù: ìṣó, àlùmọ́gàjí, orin díẹ̀, ó ti tán kí èèyàn tó sín. Oyèkànmí ní òun ń kọ ọ́ níwèé. Mo bá a wò ó, òjò ṣì ń rọ̀. Ràfátù sì ń sọ tirẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Bó bá jẹ́ wẹ́wẹ́ lèèyàn fẹ́ dì, màlúù kan á já lọ́jà Bódìjà, á lé Oyèkànmí dé Dùgbẹ̀, àbúrò kan á sì ti Kánò dé wá gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun á yè é.

Ní tèmi, ṣùkú ni mo dì lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ mọ níwọ̀n báyìí, a sì dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, irun wo lẹ fẹ́ dì?