Ta Ló Kí Nọ́ọ̀sì?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún mi lókun láti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ilé ìwòsàn lónìí, níhìn-ín ní Ayétòrò.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, ọ̀nà inú igbó ni àwọn ọmọ wa ń fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì gbà. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú lánàá. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì wa ló kú sí. Gbogbo àdúgbò ti lọ kí ìyá ọmọ náà.

Bí nọ́ọ̀sì náà ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un yẹ̀ wò.

Ìyá kan kígbe láti orí bẹ́ńṣì: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ká ti tẹ́ ẹní síbí ni?"

Mo rọra sọ fún un pé: "Ọmọ mi, o kú ara fẹ́ra kù."

"Bàbá, kì í ṣe ẹbí mi. Àmọ́ bóyá ká ní mo tètè..."

"Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkejì rẹ níbi iṣẹ́ ló kú sí, ṣé wàá dá a lẹ́bi?"

"Rárá, sà. Ó ti sa gbogbo ipá rẹ̀."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Ó bú sẹ́kún. Ìyá tó ń kígbe lẹ́ẹ̀kan dìde, ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún un: "Jókòó, ìyá mi. Sunkún rẹ tán. A ò kánjú mọ́."

Ẹ̀yin ará, ìgbà wo lẹ kí nọ́ọ̀sì yín kẹ́yìn? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹni tí yóò tù yín nínú wọ́n nínú ilé yín.