Káàdì Ìyá Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní téṣàn réluwéè Múṣín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ìyá tó bí màmá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n dé sí Agége. Àbúrò wọn tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọ̀yìngbò ń lọ bá ọmọ wọn ní Kútọnu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Èmi ni wọ́n ní kí n mú Ìyá lọ kí wọn ní Ọ̀yìngbò.

Mo ra káàdì réluwéè fún Ìyá, mo fi tiwọn àti tèmi sínú báàgì mi kó má baà sọnù. A fi káàdì kan ẹ̀rọ ní géètì, a wọlé. A ti ń dé Múṣín kí n tó rántí pé bùbá tí mo rán fún Ìyá Ọ̀yìngbò ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Pápá Àjàó. Aṣọ tí Ìyá fúnra wọn rà wá láti ilé ni. Ṣé ọwọ́ òfo lèèyàn á mú lọ kí àbúrò ẹ̀ tó ń lọ sí ìrìn àjò?

Mo ní ká sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún ń dun Ìyá, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga, ni mo bá ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú lọ́hùn-ún. Lójú tèmi, a ti sanwó dé Ọ̀yìngbò, a ó kàn wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Kò sẹ́nì kankan.

Mo fi káàdì mi kan ẹ̀rọ, mo jáde, mo wọ kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo fi padà dé pẹ̀lú bùbá, géètì ti wà ní títì. Aṣọ́géètì ń sọ fún àwọn tó wà níta pé ẹni tó bá ti jáde, ìrìn àjò ẹ̀ ti parí nìyẹn, kó lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìyá ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú, wọ́n di irin mú.

“Ìyá, káàdì yín ńkọ́?”

“Ọmọ mi ló gbé e lọ.”

“Ọmọ wo? Àbí ọ̀fẹ́ lẹ bá wọlé?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí wa níta. “Ta ló ni ìyá yìí o? Ẹni tó gbàgbé ẹrù ẹ̀ kó wá gbé e!”

Ojú tì mí, mo sá sẹ́yìn ọkùnrin kan tó gbé àpò ìrẹsì. Ìyá yíjú, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Wọn ò pè mí. Wọ́n wolẹ̀, wọ́n ní, “Kò tíì dé. Ẹ má bínú sí i, ọmọ dáadáa ni.”

Ìgbà yẹn ni mo tó jáde. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo ni wọ́n. Aṣọ́géètì ò tiẹ̀ bú mi. Ó gba káàdì Ìyá lọ́wọ́ mi, ó fún wọn, ó ní ẹni tó bá wọlé ni kó máa mú tiẹ̀ dání. Ó ṣí géètì, mo fi káàdì tèmi bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tuntun, mo wọlé bá Ìyá.

Réluwéè tó kàn pẹ́ kó tó dé. Ká tó dé Ọ̀yìngbò, Ìyá Ọ̀yìngbò ti lọ.

Ìyá gba fóònù mi, wọ́n pe àbúrò wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Réluwéè yìí ló dá wa dúró. Ọmọ yìí gbìyànjú gan-an.”

Bùbá náà ṣì wà lórí ìṣó nínú yàrá mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ réluwéè, ẹ má jáde lágbedeméjì kẹ́ ẹ rò pé ẹ máa padà wọlé. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kálukú mú káàdì tiẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn rọrùn láti kọ́. Èyí tó kù ni ò rọrùn: bí wọ́n bá bèèrè pé ta ló ni èèyàn yín, ẹ tètè dáhùn.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú yín rí, tí wọ́n ń bèèrè èèyàn yín tẹ́ ẹ sì dákẹ́? Báwo lẹ ṣe bẹ̀ ẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ìyá máa ń pè mí láràárọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì tíì mọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ.