Ibà Tó Mú Abẹ́kẹ́

Lẹ́yìn ikú Victoire aya rẹ̀, Olútóyè kó kúrò ní àdúgbò Anoumabo. Ó lọ gba yàrá kan ní Port-Bouët, lẹ́yìn pápákọ̀ òfurufú tó ti ṣọ́dẹ títí tó fi fẹ̀yìntì. Àwọn ará ìjọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó ní ariwo àdúgbò ti sú òun. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí igun kan nínú ilé tó ń fi sílẹ̀ náà tí kò rán an létí aya rẹ̀.

Màlúù mẹ́ta ló ń sìn níbẹ̀. Méjì jẹ́ ẹ̀yà kúkúrú ti ilẹ̀ yìí, tí eégbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe sí. Ẹ̀kẹta ni Abẹ́kẹ́, tó ní ẹ̀jẹ̀ màlúù òyìnbó lára. Wàrà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gba ìyà. Ní ìrọ̀lẹ́, Olútóyè á tú etí rẹ̀ àti abẹ́ ìrù rẹ̀ wò, á máa já eégbọn, á máa bá a sọ̀rọ̀. Solange, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Cocody, lódìkejì ìlú. Solange ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dáhùn. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá gbé Olútóyè nínú, Abẹ́kẹ́ ló ń rò ó fún.

Ní àkókò òjò ọdún 1988, ibà dá Olútóyè wólẹ̀. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, ó ń gbọ́ igbe àwọn ẹran, kò lè dìde. Àdìzátù, obìnrin tó ń ta atíẹ̀kẹ́, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, lẹ́nu ọ̀nà, ló ń bá a da koríko fún wọn. Àmọ́ kò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan máa já eégbọn.

Nígbà tí Olútóyè di ògiri mú jáde, Abẹ́kẹ́ ti dá dúró sí kọ̀rọ̀, kò jẹun. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi bísáàpù, omi ìṣápá. Olútóyè ṣí i lẹ́nu wò: èrìgì rẹ̀ ti funfun.

Jules alápatà gbọ́, ó wá. “Baba, ẹ jẹ́ kí n gbé e kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́.”

“Rárá,” ni Olútóyè wí. “N kì í ta aláìsàn.”

Ó ránṣẹ́ pe Paulin, dókítà ẹran, ọmọ tísà kan láti Porto-Novo. Paulin gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní etí màlúù náà. Ó ṣàn bí omi.

“Papa, ibà ni. Bí ẹ̀fọn ṣe kó tiyín fún yín ni eégbọn ṣe kó tirẹ̀ fún un. Kòkòrò tójú kò rí ló ń run ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò tètè pè mí?”

“Èmi náà wà lórí ẹní.”

“Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?”

Olútóyè fọwọ́ pa ẹ̀yìn màlúù náà. “Kò sẹ́nì kankan.”

Paulin gún un lábẹ́rẹ́. Olútóyè jókòó tì í, ó ń bomi fún un, títí ara rẹ̀ fi tutù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Nígbà tí Paulin padà wá, ó ní, “Ó yè, papa. Bí ibà bá tún mú yín ńkọ́? Mo mọ oko kan ní Bingerville tí wọ́n ti ń fi oògùn eégbọn wẹ ẹran wọn.”

Olútóyè já eégbọn kan ní etí Abẹ́kẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Kí wọ́n wá mú un.”

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ oko náà dé, Abẹ́kẹ́ kọ̀, kò gòkè. Wọ́n fà á tì. Olútóyè gun ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó pè é, màlúù náà sì tẹ̀ lé e. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Olútóyè sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò wẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Solange dé. “Papa, elle est où, la grande?” Ó ń béèrè ibi tí màlúù ńlá náà wà.

“Ó ti lọ sí Bingerville. Ibẹ̀ sàn fún un.”

“Et toi?” Ìyẹn ni pé, bàbá fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Olútóyè ní àárẹ̀ ló ń ṣe òun díẹ̀. Solange di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó lọ tán, bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, kò jẹun, bí Abẹ́kẹ́ ṣe ṣe nígbà tí ibà mú un, ó sì sùn.