Ojú Ìwé Tí Bashiru Ṣí Sílẹ̀

Láti ọjọ́ tí Bashiru ti kú, ọkàn Mùbàṣírù, àbúrò rẹ̀, kò balẹ̀ mọ́. Ọmọ apẹja Efire ni àwọn méjèèjì. Bashiru ló gbé kọ̀ǹpútà wá sí Ago-Ìwòyè, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù fún àwọn ọmọ yunifásítì. Nígbà tí àìsàn gbé e lọ, àbúrò rẹ̀ tó mọ àwọ̀n ju kọ̀ǹpútà lọ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó síbẹ̀.

Ìdíje bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ku ọ̀la. Ọláníyọnu, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ń dán géèmù wò. Agbábọ́ọ̀lù sáré díẹ̀, ó dúró gbagidi. Ó tún sáré, ó tún dúró.

"Bùrọ̀dá Mùbà, bọ́ọ̀lù yín ń kólòlò o! Àbí ẹ̀bà lẹni yìí jẹ yó?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bo Mùbàṣírù lábẹ́ fìlà.

"Ẹrù ló pọ̀ nínú rẹ̀," ni Ọláníyọnu wí. "Ẹ pa fọ́tò ẹ̀gbọ́n yín wọ̀nyẹn rẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn la máa lọ lọ́la."

Mùbàṣírù ṣí àwọn fọ́tò náà. Bashiru nínú ọkọ̀. Bashiru tó di ẹja mú. Ó yan gbogbo wọn. Ó gbé ìka lé bọ́tìnì ìparẹ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́, Bashiru tún kú nìyẹn. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ṣọ́ọ̀bù Bashiru ló máa kú.

"Dúró ná," ló wí. "Níbo lẹrù ọ̀hún wà gan-an?"

Ọláníyọnu ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ hàn. Ibi tí fọ́tò wà ṣì láyè rẹpẹtẹ. Mẹ́mọ́rì, níbi tí gbogbo ohun tó bá ṣí sílẹ̀ ń jókòó sí, ló kún fọ́fọ́.

Mùbàṣírù mí kanlẹ̀. "Àwọ̀n tó wà nílé kì í mú ọkọ̀ wúwo. Ohun tá a kó sínú ọkọ̀ ni. Ta ló wá jókòó sínú ọkọ̀ wa?"

Ọláníyọnu tọ́ka sí búráúsà, ibi tí wọ́n ti ń ka nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé rẹpẹtẹ ló ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn géèmù.

Mùbàṣírù sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ wọ́n. Bashiru ló ṣí wọn kó tó lọ sọ́sípítù. Bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà, wọn a ṣí padà fúnra wọn, òun náà a sì rọra fi géèmù bò wọ́n. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n dé. Ó ń ṣe é bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá kà wọ́n tán.

"Ẹ jẹ́ n bá yín pa wọ́n dé."

"Rárá. Èmi ni mo máa ṣe é."

Ó ń kà, ó ń pa dé. Wáàsí kan. Aago ọwọ́. Bí wọ́n ṣe ń tún fáànù ṣe. Ó ku ẹyọ kan: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Bashiru ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń wá ọ̀kan rà. Àjẹ̀ ni bàbá wọn ṣì fi ń wa ọkọ̀ ní Efire.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹyọ kan ò lè ri ọkọ̀," ló wí. "Gbá bọ́ọ̀lù ẹ."

Agbábọ́ọ̀lù sáré. Mùbàṣírù ń retí kó dúró. Kò dúró.